Bí a ṣe ń ti àṣíborí àti aṣọ ìgùn mọ́ alùpùpù tí a gbé dúró

Okùn tí ó gba abẹ́ àgbọ̀n kọjá ni ọ̀pọ̀ wa fi ń so àṣíborí mọ́ alùpùpù nígbà tí a bá gbé e dúró níwájú ọjà, ilé ìjọsìn tàbí ọ́fíìsì, okùn yìí kan náà sì ni ibi tí ó rọrùn jù lọ fún olè láti gé. Náílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi hun ún. Ó lágbára tó láti di orí mú bí ènìyàn bá ṣubú, ṣùgbọ́n abẹ tí wọ́n fi ń fá irun lè gé e kí ẹni tí ó ni ín tó gba ṣéńjì rẹ̀ tán. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Lọ́kọ́ja, níwájú ọ́fíìsì kan tí mo ti lọ gba ìwé. Nígbà tí mo jáde, ìkọ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ṣì wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò mi, òrùka irin kékeré méjì sì há sínú rẹ̀ pẹ̀lú ègé okùn dúdú tí kò gùn ju ìka mi lọ. Àṣíborí ti lọ. Mo gun alùpùpù náà padà sí Kàbà, nǹkan bíi 80 kìlómítà, láìbo orí, tí eruku àwọn ọkọ̀ símẹ́ǹtì tí ń wọ Ọbajáná sì ń kún mi lójú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ohun tí a bá fi ń ti àṣíborí gbọ́dọ̀ gba inú ara àṣíborí fúnra rẹ̀ kọjá, kí ó sì wọ inú egungun alùpùpù, kì í ṣe ara ohun tí wọ́n dè mọ́ egungun náà lásán. Gbogbo ohun tí ó kù nínú ìtọ́sọ́nà yìí wá láti ara èyí.

Àwọn kan ti yanjú ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà tiwọn: wọ́n ń fi àṣíborí sílé kí olè má baà gbé e. N kò lè bá wọn wí púpọ̀, nítorí àṣíborí gidi kì í ṣe ohun olówó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n àkójọpọ̀ ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi hàn pé àṣíborí ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú 100 fún ẹni tí ó bá ní ìjàǹbá alùpùpù, ó sì ń dín ewu ìpalára orí kù ní nǹkan bí ìdá 69. Wáyà onírin kan àti àgádágodo kan ni a ó fi gba ara wa lọ́wọ́ pàṣípààrọ̀ búburú yẹn.

Ẹni tí ó ń jí i

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin àṣíborí fún àwọn tí ń gun ọ̀kadà ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá rántí ìgbà náà yóò rántí pé àwọn kan dé igbá, tí àwọn mìíràn sì dé ike ọ̀dà, jáde sí títì. Ẹ̀rín ni a fi rín, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa ní ohun kan: àṣíborí di ohun tí ènìyàn lè nílò lójijì, kí ó tó dé ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ dúró sí. Nítorí náà, ẹni tí yóò jí tiyín kì í sábà jẹ́ ọ̀gá olè tí ó gbé irin ìgéwáyà dání. Akọjá-lọ ni, tàbí ẹni tí òun náà ń gun alùpùpù, tí ó ní ọwọ́ méjì, bóyá ọ̀bẹ kékeré, àti ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè. Irú olè yìí ni a lè dá dúró. Ẹni tí ó bá gbé ẹ̀rọ ìgérin wá yóò gbé alùpùpù náà lọ pátápátá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì kọjá ti àṣíborí.

Ibi tí a ó ti wáyà mọ́ lára alùpùpù

Ẹ ṣe iṣẹ́ yìí nílé, nígbà tí ẹ kò kánjú. Ẹ yí alùpùpù yín ká, kí ẹ wá ihò kan tàbí ọ̀pá kan tí ó jẹ́ ara egungun rẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní férémù: àwọn ọ̀pá irin tí wọ́n jó pọ̀, tí ẹ́ńjìnnì so mọ́, tí ìjókòó sì wà lórí wọn. Lára púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù tí ń ná ọ̀nà wa, àlàfo kan máa ń wà lábẹ́ ìjókòó, nítòsí ibi tí sọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti so mọ́ òkè, tí wáyà tí ó nípọn bí ìka lè gbà kọjá. Ẹ ti ìka bọ ibẹ̀. Bí ìka bá wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan tí ó sì yọ ní ìkejì láìfara kan wáyà iná tàbí wáyà kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ti rí ibi tí ẹ ń wá. Bí wáyà iná bá wà níbẹ̀, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá fi agbára fa àṣíborí láìrí i mú lọ lè já wáyà iná yín, ẹ ó sì wá máa ti alùpùpù lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì nítorí olè tí kò rí nǹkan jí.

Kàríà ẹ̀yìn dára bí ó bá jẹ́ pé alájórin ni ó jó o mọ́ férémù, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kó iṣu àti ẹrù mìíràn ṣe ń ṣe é. Bí ó bá jẹ́ nọ́ọ̀tì mẹ́rin ni ó dì í mú, ẹ rántí pé gbogbo ọ̀dọ́kùnrin tí ó bá ń gun alùpùpù ni ó ní sípánà tí yóò tú u. Irin tí ń dáàbò bo ẹsẹ̀ níwájú ẹ́ńjìnnì náà jẹ́ ohun tí a dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì rẹ̀ tóbi, ó sì sábà máa ń dógùn-ún, nítorí náà ó ṣe é lò ní ojú ọ̀sán níbi tí èrò wà.

Dígí kì í ṣe ibi títì rárá. Ọwọ́ lásán ni a fi ń yí i kúrò bí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti dẹ̀. Fífi àṣíborí kọ́ dígí tún ní ìpalára kejì tí kò hàn síta: orí dígí tàbí ọ̀pá rẹ̀ ń tẹ fóòmù funfun inú àṣíborí wọlé ní ojú kan, fóòmù yẹn kò sì tún ní wú padà. Òun gan-an ni ó yẹ kí ó fọ́ dípò agbárí nígbà ìṣubú. Ibi tí dígí bá ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ní nǹkan kan láti fi sílẹ̀ mọ́. Ẹ wo inú àṣíborí àwọn ọlọ́kadà tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ ó rí ihò kékeré náà níbi tí òkè orí wà.

Ẹ má ti i mọ́ táyà pẹ̀lú. Ẹ ó gbàgbé lọ́jọ́ kan.

Wáyà àti àgádágodo

Àwọn kan ń lo wáyà bíréèkì àtijọ́, wọ́n á so ó ní kókó, wọ́n á sì fi àgádágodo kékeré sí i. Ó sàn ju òfo lọ, ṣùgbọ́n píláyà lásán gé e. Wáyà onírin tí wọ́n fi ike bò, irú èyí tí wọ́n ń tà fún kẹ̀kẹ́ ológeere, ni ó yẹ iṣẹ́ yìí. Ẹ wá èyí tí ó nípọn tó mìlímítà 8 sí 10. Èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kò lè dúró níwájú píláyà tí ó mú. Èyí tí ó sì nípọn ju 12 lọ kì í fẹ́ tẹ̀, ó ṣòro láti gba inú apá jákẹ́ẹ̀tì kọjá, ẹni tí ó bá sì rà á kì í pẹ́ fi í sílé. Ṣéènì lágbára ju wáyà lọ, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì ń ha ara àṣíborí àti ọ̀dà alùpùpù. Bí ẹ bá yàn án, ẹ ki í sínú tíúbù kẹ̀kẹ́ tí ó ti bàjẹ́.

Kí ẹ tó lọ ra wáyà, ẹ fi okùn lásán wọn gígùn rẹ̀. Ẹ gbé àṣíborí sórí ìjókòó, ẹ ki okùn gba ibi tí ojú ń wò, kí ó yọ ní ibi tí ọrùn ń wọ̀, kí ó gba apá jákẹ́ẹ̀tì kan, kí ó lọ sínú férémù, kí ó sì padà pàdé ara rẹ̀. Fún àṣíborí kan àti jákẹ́ẹ̀tì kan, mítà kan sí mítà kan àbọ̀ ni ó sábà máa ń tó. Ẹni tí ó bá ní àṣíborí èrò ẹ̀yìn yóò fi díẹ̀ kún un. Wáyà tí ó gùn jù kò dára bí wáyà tí ó kúrú: àṣíborí tí ó bá lè délẹ̀ ni olè lè gbé sórí òkúta kí ó fi òkúta mìíràn lu ohun tí ó tì í.

Mo fẹ́ràn wáyà tí ó ní ojú kọ̀ọ̀kan ní orí méjèèjì ju èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ lọ, nítorí pé ẹ lè fi àgádágodo tí ẹ yàn fúnra yín sí i, bí àgádágodo bá sì bàjẹ́, òun nìkan ni ẹ ó pààrọ̀. Apá àgádágodo náà kò gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju mìlímítà 6 lọ. Èyí tí a ń yí nọ́ńbà rẹ̀ gbà wá lọ́wọ́ kọ́kọ́rọ́ sísọnù, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rí i ka lálẹ́ níbi tí kò síná. Ẹni tí ó bá lò ó gbọ́dọ̀ yí gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ dàrú nígbà tí ó bá tì í. Ọ̀pọ̀ ń yí ẹyọ kan ṣoṣo kí ṣíṣí rẹ̀ lè yá, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá péré sì ni olè nílò láti gbìyànjú rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá ihò kọ́kọ́rọ́. Nígbà òjò, omi ni. Ẹ máa kọ ojú ihò náà sísàlẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ gba ègé tíúbù lọ́wọ́ fọganáísà, kí ẹ gé e kí ó lè bo àgádágodo náà bí fìlà. Ẹ̀kán òróró maṣíìnì ìránṣọ kan ní oṣù méjì tó fún un. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń kó eruku jọ títí yóò fi dà bí amọ̀ nínú ihò náà, nítorí náà ẹ má lò ó bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó súnmọ́ tòsí jù lọ. Kọ́kọ́rọ́ kejì kò gbọ́dọ̀ wà lórí òrùka kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni èyí, síbẹ̀ mo ti rí àgbàlagbà tí ó jókòó ti alùpùpù rẹ̀ ní ọjà Kàbà títí ilẹ̀ fi ṣú, tí ó ń dúró de ẹni tí yóò mú irin wá láti fi gé e.

Títi àṣíborí tí ó bo àgbọ̀n

Àṣíborí tí ó bo gbogbo ojú títí dé àgbọ̀n ni ó rọrùn jù láti tì, nítorí pé iwájú rẹ̀ ṣe òrùka tí ọ̀bẹ kò lè gé. Ẹ gbé alùpùpù dúró lórí ilẹ̀ líle, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà rì, kí ẹ sì ti hándù rẹ̀. Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ yín, ẹ tẹ wọ́n pọ̀, ẹ fi wọ́n sínú àṣíborí. Ẹ wá gbé àṣíborí náà ka orí ìjókòó bí ẹni pé orí wà nínú rẹ̀, kí ihò ọrùn dojú kọ ìjókòó. Báyìí ni òjò kò fi ní kún inú rẹ̀. Àṣíborí tí a fi àgbọ̀n rẹ̀ kọ́ máa ń da orí kodò, ó sì ń gba omi bí igbá.

Ẹ gbé gíláàsì iwájú rẹ̀ sókè tán. Ẹ ki orí wáyà kan wọlé láti ibi tí ojú ń wò, kí ó sọ̀kalẹ̀ gba ihò ọrùn, kí ó lè yí ibi tí ó bo àgbọ̀n náà ká. Lẹ́yìn èyí, ẹ mú orí kan náà gba apá jákẹ́ẹ̀tì láti ọrùn dé ọwọ́, kí ẹ tó mú un wọ inú férémù ní ẹ̀gbẹ́ òsì alùpùpù. Mo ní òsì nítorí pé lára ọ̀pọ̀ Boxer, TVS àti Jincheng tí a ń gùn, apá ọ̀tún ni salẹ́ńsà wà. Àpò ike tàbí apá jákẹ́ẹ̀tì tí ó bá kàn án nígbà tí ó ṣì gbóná yóò yọ́. Ẹ fa wáyà títí àṣíborí kò fi ní lè yí kúrò lórí ìjókòó ju ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n ẹ má fà á títí yóò fi máa tẹ ètè rọ́bà inú rẹ̀. Bí wáyà bá ṣẹ́kù, ẹ wé e mọ́ férémù lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ tì í, ẹ yí ojú ihò sísàlẹ̀, kí ẹ sì fà á wò pẹ̀lú agbára bí ẹni tí inú ń bí.

Bí òòrùn bá mú, tàbí bí ojú ọ̀run bá ṣú láti ìhà Bùnú, ẹ fi ọ̀rá ńlá bò ó, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ lábẹ́ ìjókòó pẹ̀lú rọ́bà tíúbù. Yàtọ̀ sí òjò, ọ̀rá náà ń fi ohun tí ó wà nínú rẹ̀ pamọ́, ojú tí kò bá sì rí nǹkan kì í wọ̀ ọ́. Fún àṣíborí méjì, ẹ kọ́kọ́ ki wáyà gba méjèèjì kí ó tó dé jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ti èkejì mọ́ okùn àgbọ̀n èkíní, nítorí gígé ẹ̀ẹ̀kan ni yóò tú méjèèjì sílẹ̀.

Orí táńkì epo ni ọ̀pọ̀ ń gbé àṣíborí sí. Ó ń bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, èyí sì burú tó, ṣùgbọ́n ohun tí ó tún burú ni bẹntiróòlù. Fóòmù funfun inú àṣíborí jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, bẹntiróòlù sì ń jẹ ẹ́ bí omi ti ń yọ́ iyọ̀. Ẹni tí ó bá ń ra epo nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, tí ó sì ń da á sínú táńkì nígbà tí àṣíborí wà ní ìtòsí, ń fi nǹkan tí kò lè rí bàjẹ́ ṣeré.

Àṣíborí tí kò bo àgbọ̀n

Ní ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le, irú èyí sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ń lò, nítorí pé ó fẹ́ẹ́rẹ́, a sì lè fi í kí ènìyàn lójú ọ̀nà láìbọ́ ọ. Kò ní òrùka kankan yàtọ̀ sí okùn àgbọ̀n. Ìkọ́ tí ó wà lábẹ́ ìjókòó àwọn alùpùpù kan, níbi tí a ń fi òrùka okùn kọ́ kí a tó ti ìjókòó, kò yàtọ̀ sí ìkọ́ tí ó já mi kulẹ̀ ní Lọ́kọ́ja. Ó tó fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní ibi tí ẹ ti ń wò ó. Kò tó fún ìsìn ọjọ́ Àìkú.

Alájórin lè sọ fún yín pé òun yóò lu ihò sí etí àṣíborí náà kí wáyà lè gbà á kọjá. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé àṣíborí yín kúrò níwájú rẹ̀. Ibi tí a bá lu ni yóò ti la bí ilẹ̀ bá gbá a. Ẹ má sì fi ọ̀dà kọ orúkọ yín sí i lára, nítorí pé ọ̀dà àti tínà lè rọ ike tí wọ́n fi ṣe òmíràn láìjẹ́ pé ó hàn síta. Téèpù tí ń tan ìmọ́lẹ̀ padà ni kí ẹ lò. Ẹ gé e ní ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni yóò fi dá a mọ̀ pé tiyín ni, yóò sì tún jẹ́ kí awakọ̀ rí yín lálẹ́. Ẹ fi bírò kọ orúkọ sára aṣọ inú rẹ̀.

Fún irú àṣíborí yìí, nínú kí a gbé e dání, kí a fi í sí àpótí, tàbí kí a fi í lé ẹnì kan lọ́wọ́, ọ̀kan ni a ó yàn. Gbígbé e dání kò ní ìtìjú nínú. Àgbàlagbà tí ó gbé àṣíborí wọ ilé ìfowópamọ́ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó gbé agbòòrùn wọ ibẹ̀, bí ó bá ti bọ́ ọ kúrò lórí kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Bí a bá gé okùn yín tí ẹ sì rí àṣíborí náà padà, aránbàtà yóò sọ pé òun lè rán an. Yóò rán an lóòótọ́, yóò sì dára lójú, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tí yóò fi orí ara rẹ̀ dán òwú aránbàtà wò. Bákan náà ni ẹ má ṣe ra àlòkù tí okùn rẹ̀ ní ojú ìránṣọ tuntun. Ó ṣeé ṣe kí ẹ máa ra ti aládùúgbò yín.

Jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù òjò, ìbọ̀wọ́ àti bàtà

Jákẹ́ẹ̀tì tí wáyà gba apá rẹ̀ kan kọjá ṣì lè bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ fi abẹ là á, ṣùgbọ́n jákẹ́ẹ̀tì tí a là kò ní owó lórí. Ẹ yí inú rẹ̀ síta kí àwọ̀ òde rẹ̀ má baà ṣá, ẹ fa síìpù rẹ̀ sókè, ẹ kó gbogbo ohun tí ó wà lápò rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì ká a sábẹ́ àṣíborí. Ẹ̀wù òjò olówó pọ́ọ́kú kò yẹ kí a máa tì í. Ẹ ká a kí ó kéré, ẹ fi í há abẹ́ ìjókòó bí àyè bá wà. Bàtà òjò onírọ́bà kò ní ibi tí wáyà lè gbà, nítorí náà ẹni tí ó bá ń pààrọ̀ bàtà níbi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbé e wọlé.

Okùn rọ́bà tí a fi ń di ẹrù mọ́ kàríà, ìdìmú ni. Kì í ṣe títì. Mo sọ èyí nítorí pé mo ń rí i lójoojúmọ́.

Àpótí

Bí agbára bá gbé e, àpótí onírin tàbí oníke lórí kàríà ni ó yanjú ọ̀rọ̀ jù lọ, pàápàá fún àṣíborí tí kò bo àgbọ̀n. Ẹ gbé àṣíborí yín lọ sọ́dọ̀ alájórin kí ó tó gé irin, nítorí pé mo mọ ẹni tí àpótí rẹ̀ dára, tí ó ní ọ̀dà, tí ó ní kọ́kọ́rọ́, tí àṣíborí kò sì wọ inú rẹ̀ títí di òní. Kí àlàfo ìka méjì wà yí i ká, kí ẹ lè fi fóòmù àga tẹ́ inú rẹ̀. Orí nọ́ọ̀tì tí ó dì í mọ́ kàríà gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí, kí sípánà má baà rí i láti ìta. Ti ìsàlẹ̀, kí alájórin kán irin lé e lójú kan. Ẹ ní kí ó lu ihò kékeré méjì sí ìsàlẹ̀ fún omi. Ìdérí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ kọjá etí, bí ìdérí ìkòkò, kí òjò má baà wọlé.

Ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sínú àpótí kan náà pẹ̀lú àṣíborí, kódà bí ẹ bá ti dé e pinpin. Òórùn rẹ̀ nìkan tó láti sọ aṣọ inú rẹ̀ di ohun tí a kò lè wọ̀, ohun tí ó bá sì jò lára rẹ̀ yóò lọ bá fóòmù.

Ibi tí a gbé e dúró sí

Ní ìlú, títì tí ó dára jù lọ lẹ́yìn wáyà ni ojú ènìyàn. Ẹ gbé alùpùpù súnmọ́ ẹni tí kì í kúrò lójú kan: ìyá tí ń ta àkàrà, fọganáísà, ẹni tí ń tún fóònù ṣe. Ẹ kọ́kọ́ kí i, “Ọ̀kún o, ìyá,” ẹ bi í bí ọjà ṣe ń lọ, kí ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ kí ó bá yín fojú sí alùpùpù. Kí ẹ sì sọ gbólóhùn kan tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: “N kò ní rán ẹnikẹ́ni wá gbà á.” Láìsí gbólóhùn yìí, ọmọkùnrin kan tí ó bá fi ìgboyà wá tí ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni ó rán òun yóò gbé àṣíborí lọ níṣojú rẹ̀, kò sì ní sí ẹ̀bi lọ́rùn ìyá náà. Bí ẹ bá padà dé, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní oko, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní àkókò kajú, láti nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, àlejò máa ń pọ̀ lójú ọ̀nà oko Ìjùmú àti Yàgbà, alùpùpù tí a bá gbé sẹ́bàá ọ̀nà sì máa ń wà láìsí ojú kankan lára rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ gbé e wọ inú díẹ̀ kí a má baà rí i láti ọ̀nà, kí ẹ ṣán koríko gbígbẹ abẹ́ rẹ̀ nítorí salẹ́ńsà gbígbóná, ẹ má sì gbé e sábẹ́ igi kajú gan-an, torí pé omi èso rẹ̀ kì í ṣí lára aṣọ. Ẹ gbé àṣíborí dání lọ síbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ fi í sínú ọ̀rá tí a so lẹ́nu. Síso rẹ̀ lẹ́nu ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti rò lọ. Àkekèé fẹ́ràn ibi tí ó ṣókùnkùn tí ó sì ní aṣọ rírọ̀. Agbọ́n tí ń fi amọ̀ kọ́lé náà kì í pẹ́ rí ihò etí àṣíborí. Agbọ́n ti ta mí ní àgbọ̀n rí lórí ọ̀nà Ìyàrà, ọwọ́ kan ni mo fi di hándù mú.

Kí a tó gbéra

Nígbà tí ẹ bá padà síbi alùpùpù, ẹ ṣí àgádágodo, kí ẹ sì kọ́kọ́ mú wáyà kúrò nínú férémù pátápátá kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun mìíràn. Ẹ ká a, ẹ fi í sí ibi kan náà tí ẹ ń fi í sí lójoojúmọ́. Wáyà tí a gbàgbé sí ẹ̀gbẹ́ alùpùpù lè wọ inú ṣéènì tàbí sípóòkì táyà ẹ̀yìn, táyà yóò sì há lójú eré.

Ẹ dojú àṣíborí délẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ fa okùn àgbọ̀n rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ẹ wò bóyá ẹnì kan ti fi abẹ gbìyànjú rẹ̀ tí ó sì dá a dúró láàárín. Okùn tí a gé dé ìlàjì máa ń rí bí odindi títí di ọjọ́ tí a nílò rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù inú rẹ̀ yíká. Bí ibì kan bá rọ̀ ju ìyókù lọ, tàbí tí ẹni tí ń ṣọ́ ọ bá sọ fún yín pé àwọn ọmọ ti gbé e ṣubú láti orí ìjókòó, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́, bí òde rẹ̀ kò tilẹ̀ la, nítorí pé fóòmù inú rẹ̀ lè ti tẹ̀ láìhàn síta.

Bí èrò kò bá sí lẹ́yìn yín, ẹ má gbé àṣíborí kejì kọ́ ìgbọ̀nwọ́ tàbí ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ẹ bá ń lọ. Ìkọ́ náà, ìgbà tí alùpùpù bá dúró ni wọ́n ṣe é fún; nígbà tí ó bá ń sáré, àṣíborí yóò máa gbá táyà ẹ̀yìn àti férémù ní gbogbo kòtò láti Kàbà dé Ìsánlú. Ẹ fi rọ́bà dì í mọ́ orí kàríà, kí ihò ọrùn rẹ̀ dojú kọ ìsàlẹ̀.